Kámẹ́rà Sójà Láti Lálúpọ́n

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ẹ̀gẹ́ ni Hasanat ń bó. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, agbọ̀n wà níwájú rẹ̀, kò sì gbójú sókè títí ọkùnrin náà fi kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kì í sáré gbójú sókè. Ohun tó bá ń bọ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ṣẹ́gun lorúkọ mi, Lálúpọ́n ni mo ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Táyé, tí wọ́n bí pẹ̀lú Gàfárù?"

Ọ̀bẹ dúró. Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní Táyé kẹ́yìn. Ìyá Zubaidah ni gbogbo abúlé ń pè é, àwọn tó sì ń pè é ní Táyé ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, bàtà rẹ̀ mọ́, ó gbé nǹkan kan tó fi tówẹ́ẹ̀lì wé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Èmi ni," ló wí, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Zubaidah, ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ákanran, ló gbé àga fún àlejò, ló bu omi fún un. Abúlé wọn kò jìnnà sí Akanran, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín lójoojúmọ́. Obìnrin tí ara rẹ̀ yá ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde, ẹkún rẹ̀ sì wà nítòsí. Kò jọ ìyá rẹ̀ ní ti ìyẹn.

Ṣẹ́gun tú tówẹ́ẹ̀lì náà. Kámẹ́rà ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tó ń dán, tí àwọn fótógíráfà ayé àtijọ́ máa ń gbé kọ́rùn wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ara èyí kò dán rárá. Wọ́n ti fi ọ̀dà tó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ kùn ún láti orí dé ìdí, kí oòrùn má baà ta sí i lára kí ọ̀tá rí i lókèèrè. Níbi tí ọ̀dà ti bó, irin dídán ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà aráàlú ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di sójà. Bọ́tìnnì orí rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣẹ́gun ní bàbá òun sọ pé ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n fẹ́ kí sójà tó wọ ìbọ̀wọ́ lè rí i tẹ̀. Ìbọ̀wọ́! Nílẹ̀ tí ooru ti ń se èèyàn bí iṣu! Nǹkan roboto kan tún wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí bí ẹni ń wáyà aago. Bí wọ́n bá ti wáyà rẹ̀ kún, á ya fọ́tò mẹ́wàá léra wọn láìjẹ́ pé ẹni tó dì í mú tún ń fọwọ́ yí fíìmù, torí lójú ogun, ta ló ráyè ìyẹn? Orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan kò sí lára rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n lù sí i nídìí, bí wọ́n ṣe ń lù ú sára ìbọn.

"Lazarus lorúkọ bàbá mi," ni Ṣẹ́gun wí. "Àwọn àti ìkejì yín ni wọ́n jọ wà lójú ogun Bìáfírà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n máa lọ síwájú, kí wọ́n ya afárá, kí wọ́n ya ọ̀nà, káwọn ọ̀gá lè mọ ibi tí ọkọ̀ lè gbà. Gàfárù ló ń dì í mú, bàbá mi ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọjá odò kan. Bàbá mi padà, tòun ti kámẹ́rà. Gàfárù ò padà." Ó mumi díẹ̀. "Oṣù méjì sẹ́yìn ni bàbá mi kú. Kí wọ́n tó kú ni wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní fíìmù ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní èyí tó kẹ́yìn nínú ẹ̀, àwọn làwọn yà á. Sójà mẹ́rin jókòó sórí ọ̀pẹ tó wó lulẹ̀, Gàfárù sì wà lára wọn. Gàfárù fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya òun, pé ìyá òun ò ní fọ́tò òun kankan nílé."

Zubaidah ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Láti Lálúpọ́n síbí!"

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà nínú. Ọ̀kadà kan àti ọkọ̀ Míkírà méjì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Lálúpọ́n lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ á jẹ ọ̀sán l'Ákanran. Lazarus gbé ayé, ó fẹ́yàwó, ó kọ́lé, ó bímọ, ó darúgbó, kámẹ́rà wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ṣẹ́gun wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà wọ́n, Mà. Wọ́n ní ohun ìjọba ni, wọ́n á pe àwọn lólè. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀, pé àwọn fi í síbẹ̀ kẹ̀?"

Hasanat ju ẹ̀gẹ́ tó ti bó sínú omi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ó sọ èwo ni Gàfárù?"

Ṣẹ́gun mi orí. "Wọn ò sọ ọ́. Èmi náà ò béèrè."

"Màámi, ẹ̀yin náà!" Zubaidah rẹ́rìn-ín láàárín omijé. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ pín ikùn, ṣé ẹ ò ní dá ìkejì yín mọ̀ ni?"

Hasanat na ọwọ́ sínú agbọ̀n. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ohun tí Zubaidah kò mọ̀ ló fi lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, nínú gíláàsì, tí gbogbo ọmọ tí Hasanat bí bá láyé. Èèyàn méjì ló jókòó nínú rẹ̀: obìnrin kan tó wọ bùbá tó wé gèlè, àti ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kákí tó dé fìlà sójà. Táyé àti Kẹ́hìndé ni. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn, àwọn ọmọ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n Hasanat lobìnrin yẹn, Hasanat náà sì lọkùnrin yẹn.

Kì í ṣe ẹ̀tàn. Àṣà ni. Nílẹ̀ wa, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó re Èkó. Wọn kì í sì í fi èyí tó kù sílẹ̀ lóun nìkan, kí ìkejì má baà wá mú un lọ. Láyé àwọn bàbá ńlá, wọ́n á gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n bàbá Hasanat ti ń kírun, áfáà sì ti sọ pé ohun tí wọ́n fi igi gbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé náà. Ti bébà, áfáà kò sọ nǹkan kan. Kò sí fótógíráfà tó dáńtọ́ nígbà náà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á so ó pọ̀ tí ojú ìsopọ̀ kò ní hàn, ìbejì á sì pé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ èyí tó re Èkó.

Ọdún tí ogun parí ni wọ́n ṣe é fún Hasanat. Lẹ́tà àwọn ológun ti dé pé àwọn kò rí Gàfárù, pé kí wọ́n mú sùúrù. Ẹni ọdún méjìlélógún ni Hasanat. Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, fi ọ̀já di ọmú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Gàfárù fi sílẹ̀ sí i lọ́rùn, ó lọ yá fìlà lọ́wọ́ sójà kan tó ti ogun dé. "Jókòó bó ṣe máa ń jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí, Hasanat sì ya ẹsẹ̀. "Wò bó ṣe máa ń wò," Hasanat sì wò. Ṣé bí Gàfárù ṣe ń wò nìyẹn lóòótọ́? Lọ́jọ́ náà, ó mọ̀. Lónìí, kò mọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹkún ni ìyá rẹ̀ ń sun níwájú fọ́tò náà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Kẹ́hìndé, ṣé o jí?" Bó bá se ẹ̀wà fún ìbejì, á bu ti Kẹ́hìndé síwájú ògiri. Kó tó tó ọdún mẹ́wàá, ó ti gbàgbé pé òun lòun di ọ̀já. Á mú àwọn àlejò lọ síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń fojú sínú, láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀," Hasanat á sì máa bu omi fún àlejò, kò ní sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ já irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyá lójú? Láàárín ìgbà yẹn ni Hasanat bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, àwọn ọmọ sì ń kí fọ́tò náà ní Bọ̀ọ̀dá Kẹ́hìndé. Níbẹ̀rẹ̀, kò rí ààyè sọ fún wọn. Nígbà tó yá, kò rí ìdí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Ẹni tó pòwe yẹn kò bá irọ́ Hasanat pàdé. Tirẹ̀ ti lọ ju àádọ́ta ọdún lọ, òótọ́ kò tíì jáde nílé.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìtìjú rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ ni pé kò mọ ojú Gàfárù mọ́. Kò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó rántí pé Gàfárù kì í jẹ orí ẹja. Ó rántí pé á fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lórí ẹní bí wọ́n bá sùn. Ó rántí òórùn ọṣẹ dúdú lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ wọṣẹ́ sójà, bó ṣe ń rìn lọ láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní kí Gàfárù yíjú padà, ojú ara rẹ̀ ló ń rí lábẹ́ fìlà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Ẹni tí kò lójú, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀? Hasanat kò bá Gàfárù sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sì dùn ún. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó kú tipiri, tó bá fi abẹ́rẹ́ gún un, á rí abẹ́rẹ́ náà ni, kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí nìyẹn tó fi béèrè èwo. Bí fíìmù yẹn bá jáde, á tún rí ojú Gàfárù lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́rú, wọ́n gbé kámẹ́rà náà lọ sí Adégbayì n'Íbàdàn, sọ́dọ̀ Bàbá Lateef. Zubaidah ló wádìí rẹ̀. Wọ́n ní òun nìkan ló kù ní gbogbo agbègbè yẹn tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń yà báyìí fún àwọn tó ń wá iṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì á sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí èèyàn tó dìde lórí àga. Yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù láyé ọjọ́sí, àpò sìmẹ́ńtì àti kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó gba kámẹ́rà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi èékánná ha ibi tí ọ̀dà ti bó. "Ẹ má ṣí i o. Ẹnikẹ́ni ò ṣí i rí?" Ṣẹ́gun ní rárá. "Ọlọ́run ṣeun. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án báyìí, ó parí." Ó ní kí Zubaidah àti Ṣẹ́gun lọ bá òun ra kọfí, sódà ìfọṣọ àti oògùn fítámì C wá. Zubaidah rò pé ó ń ṣeré. "Mi ò ṣeré. Oògùn tá a fi ń fọ ọ́ nígbà yẹn ò sí lọ́jà mọ́, ọmọ-ọmọ mi ló fi èyí hàn mí lórí fóònù. Ẹni tó ti sùn láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kí ló tún lè jí i bí ò ṣe kọfí?"

Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ tán, ó jókòó ti Hasanat lórí bẹ́ǹṣì. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe sójà," ló wí.

Hasanat yíjú sí i.

"Ọ̀dọ̀ fótógíráfà tó wà l'Ákanran ni mo ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo tún fìlà yẹn gbé lé yín lórí, ó ń bọ́ sílẹ̀ torí irun yín. Ìyá yín ní kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé, torí ẹ ò tiẹ̀ jọ ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ mọ Gàfárù?" Hasanat béèrè. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ǹṣì mú.

"Rárá. Ọ̀gá mi béèrè pé báwo lojú ẹ̀ ṣe rí, kóun lè mọ ibi tóun máa fi pẹ́ńsù tún ṣe. Ìyá yín ní bíi ti Táyé yìí náà ni. Ọ̀gá mi ní ó tán."

"Ṣé bíi tèmi ni lóòótọ́?"

Bàbá Lateef ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú síbẹ̀. Kò pẹ́ kí àgbàlagbà tó lóye àgbàlagbà. "Háà, Màmá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ò rántí ẹ̀ mọ́."

Hasanat wo títì. Míkírà kan ń pe èrò lọ sí Ìwó Road. Obìnrin kan ń bá awakọ̀ rẹ̀ jà nítorí àpò gàrí.

Wọ́n kó àpò sìmẹ́ńtì jáde, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ojú fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Lateef gbé kámẹ́rà wọlé pẹ̀lú omi kọfí rẹ̀ àti háípò, oògùn tó ń mú àwòrán dúró sójú fíìmù, tó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìró omi ni wọ́n ń gbọ́. Zubaidah ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n, Ṣẹ́gun ń lọ ó ń bọ̀. Hasanat jókòó. Ó ti rò pé àyà òun máa já, pé ọwọ́ òun máa gbọ̀n. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó fi sínú omi nílé ló ń rò, pé bí wọ́n bá pẹ́ jù, á kan ju bó ṣe fẹ́ lọ. Èyí bà á lẹ́rù díẹ̀, pé ẹ̀gẹ́ lòun ń rò.

Nígbà tí Bàbá Lateef jáde, fíìmù gígùn kan ń ro omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rùn bí ìdí ìkòkò kọfí. "Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jáde," ló wí. "Èyí tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ afárá. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn jáde. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀." Ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kí wọ́n lè rí i. Nẹ́gétíìfù ni, nǹkan funfun di dúdú, nǹkan dúdú di funfun, àwọn èèyàn kéékèèké mẹ́rin jókòó bí iwin. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀. Ó fi ìdè aṣọ há a mọ́ okùn. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Màá fi kọ̀ǹpútà yí i padà, màá sì tẹ̀ ẹ́ gbàǹgbà. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá."

Ọjọ́ méjì náà lọ bí gbogbo ọjọ́. Hasanat fún ẹ̀gẹ́, ó sá a, ó kírun, ó sùn. Zubaidah ló ń sáré. Ó gbá pálọ̀, ó nu gíláàsì fọ́tò ara ògiri, ó se ẹ̀wà lọ́jọ́ Ẹtì torí ọ̀rọ̀ ìbejì ni, ó da epo lé e lórí. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé bọ̀ọ̀dá àwọn ń bọ̀ nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hasanat ya ẹnu láti sọ fún un. Lẹ́ẹ̀kíní, Zubaidah ń kọrin. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ Hasanat.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Lateef dé pẹ̀lú àpò ìwé ńlá kan, Ṣẹ́gun tẹ̀lé e. Bàbá Lateef wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára wo ibòmíràn. Ó jókòó, ó kí wọn, ó fa bébà náà yọ, ó sì tẹ́ ẹ sórí itan Hasanat.

Sójà mẹ́rin lórí ọ̀pẹ tó wó. Àbàwọ́n wà káàkiri, bí ìgbà tí òjò bá ta sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n ojú wọn hàn. Ẹni àkọ́kọ́ sanra, ó ń mu sìgá, èéfín ti jẹ́ kó di ojú kan. Ẹnì kejì ga, imú rẹ̀ gùn, ó dé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kẹta ń rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹnì kejì, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ẹnì kẹrin kò dé fìlà. Ojú rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan.

Hasanat wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ó wò títí dé ọwọ́ ọ̀tún, ó tún padà. Ó ń dúró de ohun kan nínú ara rẹ̀ tó máa ta kìjí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìbejì máa ń pe ara wọn, bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn l'Ékòó, orí á máa fọ́ èkejì n'Íbàdàn. Ó dúró. Ẹ̀jẹ̀ kò pè. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, kò sí èyí tó dàgbà tó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé báyìí, omi ló máa fún gbogbo wọn, á sì béèrè ilé bàbá wọn.

"Òun nìyí!" Zubaidah ti tẹ orí bọ àárín wọn. Ẹnì kejì ló ń nàka sí. "Ẹ wo imú! Ẹ wo bó ṣe fi fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́! Bọ̀ọ̀dá Kẹ́hìndé!" Ó sáré lọ síwájú ògiri, ó sáré padà. "Òun ni, wallahi òun ni! Màámi, ẹ ò rí i? Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ẹ̀yin lẹ wọ aṣọ sójà!"

Bàbá Lateef wúkọ́. Ṣẹ́gun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní bàbá òun á sinmi báyìí.

Ó rọrùn. Kí Hasanat mi orí lásán, ó tán, wọ́n á gbé ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n á jẹ, gbogbo èèyàn á sunkún tó dùn mọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ má parọ́, ẹ̀yin ì bá mi orí. Bóyá ẹnì kejì yẹn ni Gàfárù lóòótọ́ pàápàá, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n Hasanat wo imú gígùn yẹn, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ti wo imú yẹn lára ògiri fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ti wò ó nínú dígí, ó ti wò ó nínú ìrántí ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Kò fẹ́ rí i mọ́. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó sì fi lé ojú ẹnì kẹrin.

"Èyí ni," ló wí.

Zubaidah wò ó. "Èyí kọ́, Màámi. Kò jọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Kò jọ ti ara ògiri rárá!"

"Èmi ni ti ara ògiri."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Zubaidah wo fọ́tò ara ògiri, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Bàbá Lateef, torí ó ti ń wo ilẹ̀ jù. "Àwọn ni," ni Bàbá Lateef wí. "Mo wà níbẹ̀. Àwọn náà ni méjèèjì." Zubaidah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣègbéyàwó, ó kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò yẹn kó tó jáde nílé.

"Ẹ wá ń wò mí," ló wí. "Mò ń kúnlẹ̀ kí yín, ẹ wà lẹ́yìn mi, ẹ ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Hasanat wí. Ó yẹ kó bẹ̀ ẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀, kò rí.

Epo ti ń dì lórí ẹ̀wà. Nígbà tó ṣe, Zubaidah fi ọwọ́ nu ojú, ó fi orúnkún wọ́ súnmọ́ ìyá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, mo lè búra. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin tó wà lábẹ́ ìka ìyá rẹ̀, ó wo ojú roboto yẹn, ó wo ẹnu tó fẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fẹ́ràn rẹ̀.

"Kò burú," ló wí. "Kò burú, Màámi. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù láyé tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá ti ní òun ni, òun ni. Òun ni, àbí?"

Ṣẹ́gun ń dúró. Bàbá Lateef ń dúró. Hasanat wo ọmọkùnrin náà, ọmọkùnrin náà sì ń wò ó padà.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni kò jọ mí."

Kò gbé ìka rẹ̀ kúrò.